Ẹran Rírà Lẹ́yìn Odi

Olóòtú ètò yìí ni ó ní kí n wá sọ ohun tí ojú mi ti rí lórí ọ̀ràn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí kékeré títí di ọjọ́ tí ó bá dé bá wọn. Ọ̀ràn ẹran ni. Bí ènìyàn bá gbé ọkọ̀ láti Èkó, tí ó gba ọ̀nà Àgbádárìgì kọjá lọ sí Kútọnu, sí Lomé, títí dé Accra, níbo ni yóò ti rí ẹran tí ó dára rà, tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ, tí inú kò sì ní run wọ́n?

Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá ni mò ń gbé. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa yóò mọ̀ pé ìrìn àjò kì í ṣe ohun tuntun lójú wa. Àgbá epo ńláńlá ni ó yí wa ká, àwọn ọkọ̀ agbépo kì í sì í jẹ́ kí òpópónà wa sinmi. Bí a bá ti já sí títì ńlá tí ó ti Mile 2 wá, tí a kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí a kò yà sí ibì kankan, ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni a óò bá ara wa. Fún ọmọ Festac àti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, Kútọnu kò jìnnà tó Ìbàdàn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó lọ sí Ìbàdàn gbọ́ èdè ẹni tí yóò ta ẹran fún un.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa mẹ́ta, gbéra lọ sí ibi ìgbéyàwó kan ní Accra. Ìdájí ni a kúrò nílé, ṣùgbọ́n ìdádúró lójú ọ̀nà kò jẹ́ kí a kọjá sí òdìkejì ibodè títí oòrùn fi kan àtàrí. Ebi ti dé. Bí a ti ń lọ, a rí ẹni kan tí ó ń yan ẹran lẹ́bàá títì, èéfín ń rú túú, òórùn rẹ̀ sì ń fa ni lọ́wọ́. A dúró, a rà á. Ata pọ̀ lára rẹ̀, ó pupa yòò. Nígbà tí mo bu ún jẹ, mo kíyè sí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tutù. Mo kíyè sí i, mo sì gbé e mì. Ojú kòkòrò ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Nígbà tí a ó fi wọ Lomé lálẹ́, àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti bì ní ìgbà márùn-ún, ìgbẹ́ gbuuru sì ti gbà á lẹ́nu. Ojú rẹ̀ wọnú. Ilé ìwòsàn ni a sùn. Omi ni wọ́n fà sí i lára títí ilẹ̀ fi mọ́, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ọmọ náà gbádùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbàlagbà kan tí a wọ̀ sí ilé rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ti pẹ́ púpọ̀ nínú òwò ní Lomé, pè mí jókòó. Ó ní, “Ọmọ mi, ní Èkó, ta ni o ń ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀?” Mo ní, “Ìyá, ẹnì kan wà tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.” Ó ní, “Ó ti tó ọdún mélòó?” Mo ní ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ó wá wò mí títí, ó ní, “Èwo wá ni ti ẹni tí o kò rí rí, tí kò rí ọ rí, tí o kúkú gbé ẹnu ọmọ lé lọ́wọ́?”

N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń ro ìbéèrè náà, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo alápatà mi ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá. Ṣé olóòótọ́ ènìyàn ju gbogbo alápatà lọ ni? N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ó bá ta ẹran àná fún mi ní òwúrọ̀, n óò ti gbé e dé ìsọ̀ rẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo àwọn tí ó dúró níbẹ̀ ni yóò sì gbọ́ ohùn mi. Ẹnu mi ń bà á lẹ́rù ju wolé-wolé lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yan ẹran lẹ́bàá ibodè, kí ni yóò fi ẹnu mi ṣe? Kò retí láti tún rí mi. Kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, mo ti kọjá ìlú méjì. Bí ó bá ta ojúlówó fún mi, kò ní èrè rẹ̀. Bí ó bá ta ògbólógbòó fún mi, kò ní ìyà rẹ̀. Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ń ta ẹran fún àjèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, orúkọ ọjà kọ́ ni kí arìnrìn-àjò máa wá kiri. Alápatà tí ó ti ní oníbàárà ni kí ó wá, kí ó sì yá a lọ́wọ́ àwọn onílé.

Báwo ni a ṣe ń yá alápatà ẹlòmíràn? Ẹni tí ń se oúnjẹ ní ilé tí a wọ̀ sí ni kí a bi, yálà ilé ìyekan ni tàbí ilé ìtura kékeré. Kí a má bi í pé, “Níbo ni wọ́n ti ń ta ẹran?” nítorí ibi tí ó sún mọ́ jù lọ ni yóò nawọ́ sí. Kí a bi í pé, “Ta ni ẹ̀yin ń ra tiyín lọ́wọ́ rẹ̀?” Bí ó bá lè bá wa lọ, tàbí kí ó rán ọmọ kan tẹ̀ lé wa, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí alápatà bá ti rí ojú ọmọ ilé náà, òun náà ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè padà wá bá òun. Awakọ̀ èrò ni kí a má bi. N kò bú wọn o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tí awakọ̀ ti ń dá èrò dúró jẹun, òun kì í sanwó oúnjẹ tirẹ̀ níbẹ̀.

Bí a kò bá ní ilé kankan tí a wọ̀ sí ńkọ́? Ẹ bèèrè Zongo. Láti Kútọnu dé Accra, kò sí ìlú ńlá kan tí ẹ kò ní rí àdúgbò tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí tí a dá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibùdó àwọn oníṣòwò tí ó ti apá àríwá wá ni, èdè Hausa ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìka ibi tí olúkúlùkù ti wá sí. Ọwọ́ wọn ni òwò màlúù àti àgùntàn wà káàkiri ìhà etíkun yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Èkó. Ní Accra, Nima àti Sabon Zongo wà níbẹ̀. Kútọnu àti Lomé ní tiwọn. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń pa ẹran níbẹ̀, wọn kì í sì í jẹ òkú ẹran nítorí ẹ̀sìn wọn, èyí tí ó jẹ́ ààbò kan fún àwa náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nama, tí í ṣe ẹran, yóò sìn yín dé ìdí ìsọ̀ ní gbogbo ìlú wọ̀nyí. Ní Kútọnu, àwọn Fọ̀n yóò ní lan. Ní Lomé, àwọn Ewe yóò ní lã. Nígbà tí ẹ bá sì dé àárín àwọn Akan ní Gánà, ẹ óò gbọ́ nam. Viande ni ti Faransé, òun náà ni ẹ óò rí lára ògiri àwọn ìsọ̀ ní Benin àti Tógò.

Àwọn bàbá wa kò ní wàhálà yìí púpọ̀. Nígbà tí Yorùbá pọ̀ ní Gánà, kí òfin tí ìjọba Busia ṣe lórí àwọn àjèjì ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn padà sílé, àdúgbò kan wà ní Accra tí wọ́n ń pè ní Lagos Town. Ẹni tí ó bá ti Èkó dé, ilé ìbátan ni ó ń wọ̀, ọbẹ̀ ti wà lórí iná. Wọ́n ti yí orúkọ àdúgbò náà padà sí New Town. Àwa tí a ń lọ lónìí, àfi kí a wá ìbátan wa fúnra wa.

Lẹ́yìn ti alápatà, ti aago ló kù. Ìdájí ni wọ́n ń pa màlúù ní odò ẹran, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọ́n sì ti ń gbé e wọ ọjà. Ẹran tí ẹ rà ní aago méje àárọ̀ àti èyí tí ẹ rà ní aago mẹ́ta ọ̀sán lórí tábìlì kan náà, ẹran kan náà kọ́ ni wọ́n mọ́. Àwọn onímọ̀ sọ pé kòkòrò àrùn a máa yára bí sí i lára ẹran nígbà tí ìgbóná rẹ̀ bá wà láàárín ìwọ̀n 4 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òmíràn nínú wọn lè di ìlọ́po méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ní kí ẹran tútù má ṣe lò ju wákàtí méjì lọ níta láìsí yìnyín, bí oòrùn bá sì mú kọjá ìwọ̀n 32, kí ó má ju wákàtí kan lọ. Ẹ wá ro bùùtù ọkọ̀ tí ó dúró sí oòrùn ní ibodè, tí a ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá gbé kúlà tí ó kún fún yìnyín dání, kí ó má ra ẹran tútù ní ìlú tí kò ní sùn sí.

Ní ti wíwo ẹran, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹran màlúù tí ó dára a máa pupa mọ́lẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ a funfun tàbí kí ó pọ́n díẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò dìde padà. Bí ó bá ń yọ̀ bí ọṣẹ, tí ó ń dán bí àwọ̀ ewé, tàbí tí òórùn rẹ̀ kan, ẹ kọjá lọ. Ẹ bèèrè òǹtẹ̀ àwọn dókítà ẹran lára itan rẹ̀. Bí ìsọ̀ náà bá jẹ́ tòótọ́, wọn kò ní bínú. Ẹ̀dọ̀ àti fùkù, èmi kì í rà wọ́n lọ́nà àjò rárá, nítorí pé ibẹ̀ ni aràn àti ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù ń fara pamọ́ sí, ẹni tí ó mọ̀ wọ́n dáadáa nìkan ni ó lè yẹ̀ wọ́n wò. Ti eṣinṣin ńkọ́? Gbogbo wa ni kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù tábìlì tí a kò bò, tí yìnyín kò sí lórí rẹ̀, tí eṣinṣin ẹyọ kan kò sì bà lé. Eṣinṣin kì í gbààwẹ̀.

Ní Benin àti Tógò, ẹ óò rí i pé òṣùwọ̀n ni ọ̀pọ̀ alápatà fi ń tà, kìlógíráàmù kan, ààbọ̀ kìlógíráàmù, kì í ṣe gígé tí a ń dúnàá dúrà lé lórí bí ti ọ̀dọ̀ wa. Ó rọrùn fún àjèjì, nítorí iye owó sẹfà tí ẹni iwájú rẹ̀ san lórí kìlógíráàmù kan ni òun náà yóò san. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹnì kan ṣíwájú yín rà.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ lọ́nà yẹn fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ bá gbà á, sísun rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra tútù rẹ̀, ẹ wo àárín iṣan ẹran náà. Bí ẹ bá rí ohun funfun róbótó bí hóró ìrẹsì nínú rẹ̀, ọmọ aràn ni. Bí ẹ bá sì ń jẹ èyí tí a ti sun, ẹ ní kí wọ́n gé e sí méjì lójú yín, kí wọ́n sì dá a padà sórí iná bí inú rẹ̀ bá ṣì pupa. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe ní ọjọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Mo ń tijú títí di òní.

Ní ti adìyẹ, ààyè ni kí ẹ rà. Adìyẹ ìbílẹ̀ tí ń rìn káàkiri ni àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní poulet bicyclette. Eegun rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹ rí i tí ó ń sáré kí a tó pa á, ẹ̀rí wo ni ẹ tún ń wá? Èyí tí a gbé ti ìlú òyìnbó wá nínú yìnyín pọ̀ jáǹtìrẹrẹ. Ní Gánà, cold store ni wọ́n ń kọ sára ilé tí wọ́n ti ń tà á. Kò burú bí iná kò bá ti lọ kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí omi ẹ̀jẹ̀ tí ó dì pọ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀rá rẹ̀, ó ti yọ́ rí, wọ́n sì tún un dì.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù lọ, èyíinì ni ẹran ìgbẹ́. Bí ẹ ti ń lọ lójú ọ̀nà, ẹ óò rí àwọn ọdẹ tí wọ́n gbé òyà sókè sí èrò ọkọ̀. Ta ni kò fẹ́ràn òyà? Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé e sókè nìkan ni ó mọ ohun tí ó pa á, bóyá ìbọn ni, bóyá májèlé ni, bóyá ńṣe ni ó bá a ní òkú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àrùn kan tí àwọn dókítà ń pè ní anthrax bẹ́ sílẹ̀ ní òkè àríwá Gánà, ní ìhà ibi tí ó ti bá Burkina Faso àti Tógò pààlà. Ó pa màlúù, ó sì pa ènìyàn. Ìjọba àpapọ̀ wa kéde ní oṣù kan náà pé kí àwọn ènìyàn yẹra fún pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́ àti ẹran gbígbẹ títí ewu yóò fi kọjá. Kí oṣù keje tó parí, wọ́n ti rí àrùn náà lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ohun tí ó mú kí anthrax burú ni pé irúgbìn rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Kì í sì í ṣe gbogbo sísè, kì í ṣe gbogbo yíyan, ni ó ń pa á. Ẹran tí ó bá ṣàdédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì sì ń jáde ní imú àti ìdí rẹ̀, kò yẹ kí a fọwọ́ kàn án, áḿbọ̀sìbọ́sí kí a jẹ ẹ́. Àwọn tí ń ta irú rẹ̀ sì wà, kì í ṣe ará àdúgbò wọn ni wọ́n ń tà á fún. Àjèjì ni. Bí òyà bá ń wù yín jẹ, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sìn ín nínú àgò. Ní Benin, iṣẹ́ ọ̀sìn ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Olóòtú bi mí kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé, kí ló dé tí a kò kúkú gbé ẹran láti ilé? Ó tọ́, ó kéré tán fún ọjọ́ kìíní. Ìyá àwọn ọmọ mi a máa bọ ẹran títí yóò fi jinná, yóò dín in gbẹ, yóò sì jẹ́ kí ó tutù kí ó tó bò ó. Òun ni a ń jẹ báyìí kọjá ibodè, a kì í tún wo ọ̀kánkán ẹni tí ń rú èéfín. Nígbà tí ti ilé bá tán, tí a kò sì tíì rí ẹni tí yóò mú wa lọ sí ọ̀dọ̀ alápatà rẹ̀, wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n ń pè ní wàgàṣì, tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà pa láró pupa, wà káàkiri Benin. Ẹ dín in nínú epo gbígbóná, àwọn ọmọ kò ní bèèrè ẹran lọ́wọ́ yín.

Ó ku ti ìpadàbọ̀. Ẹran tí ó bá dára ní Lomé, ẹ jẹ ẹ́ ní Lomé. Láti ọdún 2003 ni ìjọba wa ti ka adìyẹ inú yìnyín tí ó ti òkè òkun wá léèwọ̀; ẹran màlúù àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ náà wà nínú ìwé èèwọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Àwọn kan ń ráhùn sí òfin náà, wọ́n ní ìyá olómi ọbẹ̀ ni ó ń jẹ níyà. Èmi kò bá wọn ráhùn. Ní ọdún 1997, àrùn burúkú kan tí kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ń pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ bẹẹrẹ, bẹ́ sílẹ̀ ní Benin, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti wọ ilẹ̀ wa, ó ti sọ àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ di ẹni tí kò ní nǹkan kan. Àrùn kò ní ìwé ìrìnnà, nínú ẹrù ni ó ń jókòó.

Nígbà tí àwa ń padà bọ̀ láti Accra, a tún wọ̀ sí ilé ìyá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ní Lomé. Ó mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ alápatà tirẹ̀ ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, ó sì sọ fún un pé ọmọ òun ni mí. Ọkùnrin náà gbé itan àgùntàn tí ó ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà sẹ́yìn, ó sì fa òmíràn yọ láti abẹ́ aṣọ tútù. N kò bi í léèrè ohun tí ó ṣe èyí àkọ́kọ́. A sè é, a jẹ ẹ́ tán kí a tó kúrò ní Lomé, àbíkẹ́yìn wa sì bèèrè fún sí i.